Àlejò tó gbé igi dé Japan

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Kóòṣì, Ilé-iṣẹ́ kan ní Dakace níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Bí mo bá jáde láàárọ̀, tí mo wẹ̀, tí mo mu kókó tán, oorun kì í tètè kùn mí. Fóònù ni mo máa ń gbé. Kì í sí bọ́ọ̀lù Yúróòpù nírú wákàtí yẹn, ibẹ̀ ni mo ti bá béésìbọ́ọ̀lù Japan pàdé, torí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwọn ni aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwa. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni. Ní báyìí, mi ò lè sùn kí n má wò ó.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Wọ́n á mú ọkùnrin gìrìwò kan wá láti Amẹ́ríkà tàbí Dominican Republic, wọ́n á ròyìn bó ṣe máa ń lu bọ́ọ̀lù kọjá odi níbi tó ti ń bọ̀. Tó bá dé Japan, afẹ́fẹ́ ni á máa fi igi gé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti rán an lọ sí ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀tanú ni, pé ṣe ni wọ́n ń rẹ́ àwọn àlejò jẹ. Èmi sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, owó ni wọ́n bá wá. Ta ló jàre nínú wa, sà? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ ẹni tó máa pẹ́ níbẹ̀ àti ẹni tó máa tètè padà sílé, lójú fóònù kékeré yìí?

Ọmọ iṣẹ́ òru, Dakace, Zaria

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, kú iṣẹ́ òru o. Inú mi dùn gan-an sí lẹ́tà rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé léré yìí ní Zaria, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ni mo ń rí ẹni tó ń fi oorun rẹ̀ wò ó.

Ọ̀rẹ́ rẹ mú díẹ̀ nínú òótọ́ dání, mo sì máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba àwọn ọkùnrin yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí o pè wọ́n.

Mítà 18 àti díẹ̀ ló wà láàárín ajubọ́ọ̀lù àti alubọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tó bá ń sáré kìlómítà 150 ní wákàtí kan á ti dé kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Láàárín ìyẹn, alubọ́ọ̀lù ní láti rí i, kó mọ irú èyí tó jẹ́, kó pinnu bóyá òun máa lù ú, kó sì fi igi pàdé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló ti ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà, kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú rárá. Láti ọmọ ọdún méje, mẹ́jọ ló ti ń kọ́ ìṣirò yẹn nílé, títí ara rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ àtẹ̀gùn ilé ẹni nínú òkùnkùn. Ní Japan, wọ́n ti yí àtẹ̀gùn kan padà.

Bọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀kì. Ajubọ́ọ̀lù á há a sáàárín ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, apá rẹ̀ á sì fò bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù asáré gan-an. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù yìí kì í yí púpọ̀ lójú ọ̀nà. Tó bá kù díẹ̀ kó dé, á rì wọlẹ̀ bí ìgbà tí okùn já lára garawa nínú kànga. Igi á ti kọjá lórí rẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà náà ń jù ú, àmọ́ ní Japan, láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀pọ̀ ti ń fi dá ara wọn lẹ́kọ̀ọ́, débi pé àwọn tó mọ̀ ọ́n jù dáadáa pọ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò níbẹ̀ tún kéré díẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ jù ú lọ, nítorí náà ó rọrùn láti mú kó yà.

O ti mọ̀ pé bí ajubọ́ọ̀lù bá ju mẹ́rin tó yà kúrò ní àyè tó tọ́, alubọ́ọ̀lù á rìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sí ibùdó kìíní. Níbi tí àwọn àlejò wọ̀nyí ti dàgbà, tí ajubọ́ọ̀lù bá ti ju méjì tó yà léra wọn, ẹ̀rù á máa bà á pé kó má lọ pé mẹ́rin, bọ́ọ̀lù asáré tó gba àárín ni á sì jù tẹ̀ lé e. Alubọ́ọ̀lù á ti gbé èjìká sókè dè é, bí ẹni tó ń dúró de gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́. Ní Japan, kò sẹ́ni tó jẹ ọ́ ní gbèsè yẹn. Nígbà tó dá ọ lójú jù lọ pé bọ́ọ̀lù asáré ń bọ̀, fọ́ọ̀kì ni wọ́n á jù sí ọ, nísàlẹ̀, ní ìkángun òde. Tí o kò bá lù ú, wọ́n á tún ju òmíràn síbẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí ọkùnrin gìrìwò náà dà bí ẹni tó ń gé afẹ́fẹ́ lójú fóònù rẹ.

Jẹ́ kí n fi bàbá mi ṣe àpẹẹrẹ fún ọ. Télọ̀ ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Sabon Gari níbí. (Nílẹ̀ Yorùbá, Sábó ni ibi tí àwọn Hausa ń gbé; ní Zaria, àwa àlejò ni wọ́n ń gbé sí Sabon Gari. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹni tó ń jẹ́ àlejò ló yí padà.) Kó tó kúrò nílé, ìlú mọ̀ ọ́n mọ agbádá tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn. Nígbà tó dé, bàbá Hausa kan gbé aṣọ babban riga wá fún un, ó ní kó bá òun ṣe aska takwas sí i, iṣẹ́ ọ̀bẹ mẹ́jọ tí gbogbo Zaria mọ̀. Abẹ́rẹ́ kan náà, òwú kan náà. Bàbá mi fi ọwọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe é. Bàbá yẹn wò ó, ó sanwó, ó dúpẹ́, kò sì padà wá mọ́. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ jókòó ti oníṣẹ́ ọnà kan nínú ìlú àtijọ́, ó sì jókòó níbẹ̀ títí ọyẹ́ fi lọ. Ó ti ju ọmọ ogójì ọdún lọ nígbà yẹn, ó ní ìyàwó àti ọmọ. Òun gan-an ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀lẹ, nínú lẹ́tà rẹ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í fún alubọ́ọ̀lù àlejò ní àkókò tí ọyẹ́ fi ń lọ. Suketto ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní Japan, ìyẹn ẹni tí a pè wá gbà wá nínú ìjà. Ẹni tí a pè wá gba ìjà kò lè sọ pé kí a mú sùúrù kí òun kọ́ṣẹ́ ná. Owó ńlá ni wọ́n fi mú un wá, ọdún kan péré ni àdéhùn ọ̀pọ̀ wọn, òfin sì dín iye àlejò tí ẹgbẹ́ lè fi sí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kù. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá rọ lóṣù kìíní, àlejò mìíràn wà ní ẹgbẹ́ kejì tó ń dúró de àyè rẹ̀. Ọmọ onílé tó bá ń pàdánù lè rí ọdún méjì, mẹ́ta gbà. Níbí ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ó tún ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1964, alubọ́ọ̀lù kan ní Japan, Sadaharu Oh, lu home run 55 lọ́dún kan (ìyẹn bọ́ọ̀lù tó kọjá odi), èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀ nígbà náà. Ní 1985, Randy Bass, ará Amẹ́ríkà tó wà ní Hanshin Tigers, ti lu 54, ó ku eré díẹ̀, Yomiuri Giants ni wọ́n sì fẹ́ bá gbá, Oh fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ni wọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí ibi tí igi rẹ̀ kò lè dé, léraléra, kó lè rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó parí sí 54. Tuffy Rhodes dé 55 ní 2001, Alex Cabrera dé 55 ní 2002, ojú kan náà ni àwọn àlejò méjèèjì rí nígbà tí wọ́n kan ẹgbẹ́ tí Oh ń kọ́ nígbà náà. Ó dùn mí títí di òní, nítorí Oh jẹ́ ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Bàbá òun pàápàá, ará China ni. Ní 2013, Wladimir Balentien, ọmọ Curaçao, lu 60, ọ̀rọ̀ náà sì tán.

Àmọ́ wo Bass àti Balentien dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, home run 9 péré ni Bass lu ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní líìgì ńlá, Balentien lu 15. Kò sẹ́ni tó fi ìlù pàdé wọn níbẹ̀. Mike Greenwell ní tirẹ̀, ìràwọ̀ ni ní Boston. Ó dé Hanshin ní 1997, eré méje ló gbá, bọ́ọ̀lù tó fi igi ara rẹ̀ lù ṣẹ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi eré náà sílẹ̀ pátápátá. Kevin Youkilis, ìràwọ̀ mìíràn láti Amẹ́ríkà, dé ẹgbẹ́ Rakuten ní 2014, eré 21, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, orúkọ ńlá tí wọ́n fi ń ròyìn àlejò kò sọ nǹkan kan fún ọ. Rántí pẹ̀lú pé àwọn tó dára jù lọ kì í kúrò ní Amẹ́ríkà, torí owó ibẹ̀ pọ̀ ju ti Japan lọ fíìfíì. Àwọn tí àyè há mọ́ nílé, tàbí tí ọjọ́ orí ti ń lé, ni wọ́n sábà máa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Má sì rò pé àlejò nìkan ni iṣẹ́ yìí ń ni lára. Ní 2024, nínú líìgì méjèèjì tó wà ní Japan, alubọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ló lé ní .300, ìyẹn ni pé wọ́n lu bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Méjì nínú wọn ni àlejò, Tyler Austin àti Domingo Santana. Àwọn ajubọ́ọ̀lù ibẹ̀ ló ti lágbára jù báyìí. Wo Louis Okoye náà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tokyo ni wọ́n bí i sí, ilé-ẹ̀kọ́ wọn ló ti kọ́ eré, Rakuten mú un ní àṣàyàn kìíní ní 2015. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ àti ẹgbẹ́ kejì kó tó lọ sí Giants. Fọ́ọ̀kì kì í béèrè ìlú bàbá ẹni.

Ní ti ẹni tó máa pẹ́, Alex Ramirez ni kí o fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó ti Venezuela wá sí Yakult Swallows ní 2001, ó gbá títí di 2013, òun ni àlejò àkọ́kọ́ tó lu bọ́ọ̀lù dáadáa ju ìgbà 2,000 lọ níbẹ̀. Ó di olùkọ́ni DeNA BayStars, ó sì di ọmọ orílẹ̀-èdè Japan ní 2019. Ahánbọ́ọ̀lù ló máa ń kọ́ nípa rẹ̀, ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn tó ń pàṣẹ irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa jù. Ó mọ̀ pé ọkàn ẹni yẹn ni gbogbo ẹ̀tàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Cecil Fielder, ará Amẹ́ríkà, náà lọ fún ọdún kan péré, 1989, ó lu home run 38 fún Hanshin, ó sì kọ́ láti fi bọ́ọ̀lù tó ń rì sílẹ̀. Ó padà sí Amẹ́ríkà, sí Detroit, ní 1990, ó lu 51.

Ohun tí o máa wò rèé. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 143 lọ́dún. Méjìdínlógún ni wọ́n ń bá líìgì kejì gbá. 125 tó kù, ẹgbẹ́ márùn-ún kan náà nínú líìgì tiwọn ni wọ́n ń bá pàdé, ìgbà 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ajubọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré sì sábà máa ń sinmi ọjọ́ mẹ́fà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi fídíò wá ibi tí àlejò ti kù díẹ̀ káàtó. Nítorí náà, má ka oṣù kẹrin sí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó bá pàdé ajubọ́ọ̀lù kan náà ni kí o máa ṣọ́. Má wo igi, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ni kí o wò. Tí wọ́n bá ti ju méjì tó yà, tí fọ́ọ̀kì sì dé, ṣé ẹsẹ̀ yẹn á sáré lọ pàdé rẹ̀, àbí á dúró? Ka iye ìgbà tó rìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sí ibùdó kìíní láìbínú. Wò ó tí wọ́n bá yọ ọ́: ṣé ó jókòó síbi tó ti lè rí ọwọ́ ahánbọ́ọ̀lù, àbí ó kọ ẹ̀yìn sí eré?

Mú ọ̀kan nínú wọn, kí ọ̀rẹ́ rẹ náà mú tirẹ̀, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹsẹ̀ wọn ń ṣe sílẹ̀. Kọ̀wé sí mi tí oṣù keje bá wọlé, mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ rí.