Bí A Ti Ń Lé Èèrà Kúrò Nínú Ilé

Ẹni tí ó bá ń gbé Ìpàta ní ìlú Ìlọrin kò lè sọ pé òun kò mọ èèrà. Ọjà oúnjẹ ni ọjà Ìpàta: ibẹ̀ ni ata àti tòmátì ń dé sí nínú apẹ̀rẹ̀, ẹran pẹ̀lú kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Níbi tí oúnjẹ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èèrà kò ní ṣàì bá ènìyàn pín nínú rẹ̀. Ní àkókò òjò pàápàá, nígbà tí omi bá kún inú ihò wọn, wọn a máa wá ibi gbígbẹ wọ̀ nínú ilé. Ènìyàn a gbé ife ṣúgà sílẹ̀ ní alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò rí ìlà dúdú kan láti ẹsẹ̀ ògiri títí dé etí ife náà.

Kí a tó sọ bí a ti ń lé wọn, ó yẹ kí a mọ ẹni tí a ń bá jà. Èèrà kékeré inú ilé ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Tanpẹ́pẹ́ tí ń ta ènìyàn, àti ìjàlọ tí ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n. Oyin àti agbọ́n pẹ̀lú kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ikán kì í ṣe èèrà rárá, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú wa: aáyán ni ó bá tan. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín kò ní ran ẹni tí ikán ń jẹ òrùlé rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo rí èèrà lára ìkòkò ọbẹ̀ ní agboolé wa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n pa. Mo ké sí ìyá mi àgbà, mo ní, “Ìyá àgbà, ẹ wò ó, mo ti pa gbogbo wọn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, èrò ọ̀nà ni o pa, o kò ba ọ̀nà jẹ́. Èrò mìíràn ń bọ̀.” Bí wọ́n ti wí gan-an ni ó rí. N kò tíì fọ ọwọ́ mi tán tí ìlà náà tún fi gùn bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ìyá àgbà kò ka ìwé, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni wọ́n sọ. Òórùn ni irú èèrà bẹ́ẹ̀ fi ń mọ ọ̀nà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde láti wá oúnjẹ kiri. Èyí tí ó bá rí i yóò máa fi ìdí kan ilẹ̀ bí ó ti ń padà lọ sí ilé, yóò sì máa fi oje kan sílẹ̀ tí imú tiwa kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò tọ òórùn náà lọ. Èyí tí ó bá jẹ yó nínú wọn yóò tún fi tirẹ̀ kún un nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ní ọdún 1959, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, E. O. Wilson, fi ẹ̀rí èyí hàn. Ó yọ ẹ̀yà ara kékeré tí oje náà ti ń wá lára irú èèrà kan, ó fi fa ìlà sórí gíláàsì, àwọn èèrà sì tú jáde, wọ́n ń tọ ìlà náà lọ bí ẹni pé oúnjẹ wà ní òpin rẹ̀.

Iṣẹ́ tiwa, nígbà náà, ni láti ba ọ̀nà jẹ́. Kí a má ṣe yára nu wọ́n kúrò. Kí a kọ́kọ́ fi sùúrù tọ ìlà náà padà títí a ó fi rí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé oúnjẹ tí wọ́n ń bọ̀ wá jẹ kúrò, kí a fi àkísà tí a rì sínú omi ọṣẹ nu gbogbo ojú ọ̀nà náà láti òpin kan dé èkejì. Àwọn mìíràn a máa fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ kún un, èyí náà dára. Kí a wá fi símẹ́ǹtì tàbí amọ̀ dí ihò náà. Wọ́n lè gba ibòmíràn yọ ní ọjọ́ kejì. Kí a tún iṣẹ́ náà ṣe, kí a má bínú.

Ní ti ìkòkò ọbẹ̀, àwọn àgbà wa ti rí ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́: wọn a bu omi sínú àwokòtò fífẹ̀, wọn a sì gbé ìkòkò sí àárín rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Èèrà fúyẹ́ púpọ̀, ojú omi sì dà bí awọ tí ó lè gbé e dúró, tí yóò fi fẹsẹ̀ wà á kọjá. Bí a bá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi náà, awọ yẹn yóò já, èèrà yóò sì rì. Bẹ́ẹ̀ náà ni a lè ṣe sí ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, kí a ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo omi ọṣẹ. Ṣùgbọ́n bí kọ́bọ́ọ̀dù náà bá fara kan ògiri, asán ni gbogbo làálàá náà, nítorí afárá ni ògiri jẹ́ fún wọn.

Eérú tí a bù sí ẹnu ọ̀nà wọn wúlò níwọ̀n ìgbà tí ó bá gbẹ. Omi gbígbóná a máa pa àwọn tí ó bá kàn, ṣùgbọ́n ìyá wọn tí ń yé ẹyin lè wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí ooru kò dé. Kí a má sì dà á sí ẹsẹ̀ ògiri ilé alámọ̀, kí a má ba à torí èèrà wó ilé ara wa.

Kí ló dé tí a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí, nígbà tí oògùn apakòkòrò wà lọ́jà? Ní ilé kan tí mo mọ̀ dáadáa, wọ́n da ìyókù oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n sì gbé e sí abẹ́ tábìlì. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ti ṣí i, ó ti gbé e dé ẹnu, kí ìyá rẹ̀ tó gbá a dànù. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fẹ́ rí i nínú ilé mi. Dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Sniper, a máa ba iṣẹ́ iṣan ara jẹ́, ti kòkòrò àti ti ènìyàn bákan náà. Ènìyàn lè mí i símú, ó sì lè gba ara wọlé. Àwọn oníṣòwò kan tilẹ̀ ń fọ́n ọn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má ba à jẹ ẹ́. Nítorí irú ìlòkulò bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, èyí tí ó gba mìlílítà 100, ní ọjà gbogbogbòò. Ní àdúgbò bí Ìpàta, tí oúnjẹ ibẹ̀ ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin, a kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Kì í sì í ṣe gbogbo èèrà ni ó yẹ kí a lé. Ní àwọn oko máńgòrò ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, irú èèrà pupa kan wà tí ń fi ewé hun ilé sórí igi. Ó ń lé eṣinṣin tí ń ba èso jẹ́, àwọn àgbẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n kì í sì í fẹ́ kí ó lọ. Ní agboolé wa ní Ìpàta pẹ̀lú, èèrà ṣì wà lẹ́yìn ògiri títí di òní, a kò yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀. Àwokòtò Ìyá àgbà náà ṣì wà lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀.