Orí Fífọ́ Nígbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, bí ọyẹ́ bá ti dé sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ tó máa ń wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ni “orí ń fọ́ mi”. Irọ́ kọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ gbẹ, ó sì kún fún eruku. Eruku yìí a máa dí imú àti àwọn ihò inú egungun ojú, iwájú orí a sì máa ro wá. Ọyẹ́ tún ń fa omi ara wa lọ láìjẹ́ pé a làágùn, òùngbẹ kì í sì í gbẹ wá bíi ti ìgbà ooru. Ẹni tó lọ sóko láàárọ̀ tí kò mu omi títí di ìrọ̀lẹ́, orí rẹ̀ kò ní ṣàì fọ́. Kí á mu omi dáadáa kí á tó sáré wá Panadol.

Àwọn kan wà tí túúlu máa ń mú kí òjò ńlá tó ṣú. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìjì bá fẹ́ jà, ìwúwo afẹ́fẹ́ máa ń dínkù, ara ẹlòmíràn sì ń mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n gbogbo orí tó bá fọ́ nígbà ọyẹ́ kọ́ ni ti ọyẹ́. Ẹni tó gbé iná èédú wọ yàrá nítorí òtútù, tó sì ti fèrèsé, afẹ́fẹ́ olóró tí kò rùn ló ń fọ́ ọ lórí. Ó lè pa á sójú oorun.

Èyí tó jẹ wá lógún jù ni ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ jù, agbègbè Ọ̀wọ̀ wa yìí sì wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Ara gbígbóná, àárẹ̀ àti orí fífọ́ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ibà lásán. Ọ̀nà ọ̀fun dídùn àti èébì lè tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn tó yè é, etí rẹ̀ a di. Nítorí náà, bí orí bá ń fọ́ tí ara sì ń gbóná, kí á má sọ pé ọyẹ́ ni, kí á má sì jókòó ti àgbo. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú àrùn yìí, kò sì jìnnà sí wa. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè dé.

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ ló sábà máa ń kó o ràn wá. Elùbọ́ àti gàrí tí a sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sùn síta. Inú ike tó ní ìdérí ni kí ó wà, kì í ṣe inú àpò.