Kọnkéré Tí Ń Wo Ara Rẹ̀ Sàn

Òwe wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí táńkì omi òjò tí a fi kọnkéré ṣe bá lanu, omi tí ìdílé yóò mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò jò lọ. Omi yìí kan náà ni yóò mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà, tí lílà náà yóò sì máa fẹ̀ sí i. Ní àgbègbè Oba níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ nípa kọnkéré tí ó lè dí ojú ibi tí ó ti là.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Òkúta ẹfun ni ìyá sìmẹ́ńtì. Òun ni wọ́n ń wà ní Nkalagu nígbà tí ilé iṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe sìmẹ́ńtì ní 1957. Òun náà ni wọ́n ń wà ní Ewékorò lọ́dọ̀ wa láti 1960. Àwọn kòkòrò kan sì wà tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní bakitéríà. Àwọn mìíràn nínú wọn lè ṣe irú òkúta ẹfun yìí.

Ní 2006, Henk Jonkers ní Yunifásítì Delft, ní ilẹ̀ Netherlands, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí wọn. Ó yan irú èyí tí ó lè fara da oró sìmẹ́ńtì tí ó máa ń bó àwọn mọlémọlé lọ́wọ́. Ó pò wọ́n mọ́ kọnkéré pẹ̀lú oúnjẹ wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ calcium lactate. Wọn á sùn síbẹ̀ bí irúgbìn tí ń dúró de òjò àkọ́rọ̀. Lọ́jọ́ tí kọnkéré bá là, tí omi àti afẹ́fẹ́ wọlé, wọn á jí, wọn á jẹun, wọn á sì fi òkúta ẹfun dí ibẹ̀. Lílà tí kò ju 0.8 mílímítà lọ ni wọ́n lè dí, ìyẹn bí ìnípọn káàdì báńkì.

Ìkìlọ̀

Kọnkéré yìí ṣì wọ́n ju èyí tí a mọ̀ lọ. Ẹ má ṣe da ìgbẹ́ màlúù, ilẹ̀ dúdú tàbí ajílẹ̀ yúríà sínú kọnkéré yín nítorí kí kòkòrò lè wọ̀ ọ́. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìdọ̀tí a sì máa sọ kọnkéré di ahẹrẹpẹ.

Oògùn tí ó wà lọ́wọ́ wa

Omi ni. Nínú kọnkéré lásán, sìmẹ́ńtì tí kò tíì rí omi tó a máa ṣiṣẹ́ bí omi bá kàn án, ẹfun a sì dì sínú lílà tí ó tín-ín-rín bí irun.

1. Ẹ fi omi mímọ́ po kọnkéré, kí ó má sì ṣàn bí ọbẹ̀. Omi àpọ̀jù ń fa lílà.

2. Bí ẹ bá dà á tán tí ó sì ti le, ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí ọyẹ́ gbẹ ẹ́.

3. Bí ó bá là, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ìpẹ̀kun lílà náà méjèèjì, kí ẹ kọ ọjọ́ oṣù síbẹ̀. Bí kò bá gùn sí i, tí káàdì báńkì kò sì lè wọ̀ ọ́, ẹ máa rin ín lómi, kí ẹ máa ṣọ́ ọ.

4. Bí káàdì bá wọ̀ ọ́, ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ rin ín lómi, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì ìwọ̀n 1 àti yanrìn ìwọ̀n 3 dí i.

5. Bí ó bá ń gùn sí i, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè máa yẹ̀. Ẹ pe mọlémọlé tí ó mọṣẹ́; kòkòrò kankan kò lè wo èyí.

Ìbéèrè fún agboolé

Kí ni ó ń jí bakitéríà inú kọnkéré? Ọjọ́ mélòó ni a ó fi máa wọ́n omi sí kọnkéré tuntun? Lílà wo nínú táńkì yín ni ẹ ó sàmì sí lónìí?