Ìpolówó Ọjà Lórí Fóònù: Ta Ni Ó Ni Ìsọ̀?

Ẹ̀yin oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ ìbéèrè kan wò lọ́sẹ̀ yìí: ǹjẹ́ ó yẹ kí oníṣòwò kékeré gbé gbogbo ọkàn lé ìpolówó orí Facebook àti WhatsApp?

Àǹfààní rẹ̀ kò ṣeé sẹ́. Ẹni tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ lè ya àwòrán rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ará Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù sì ti rí i kí ó tó di ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ ni ìsọ̀ náà wà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ káàkiri ayé fún bí wákàtí 6. Olówó kan náà ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ẹni tí ó sá kúrò nínú ọ̀kan kò rí èkejì wọ̀. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. A kò ṣí i títí di oṣù Kìn-ín-ní 2022. Kò sí ẹni tí ó bi oníṣòwò léèrè.

Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí a ń wí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti ń tajà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ fi ìsọ̀ àti oníbàárà sílẹ̀ wá sílé.

Ìsọ̀ inú ọjà ńkọ́? Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ jóná ní oṣù Kìn-ín-ní 2020, ẹrù sì bá iná lọ. Ohun tí ó kù fún ọlọ́jà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà tí ó mọ̀ ní orúkọ, tí ó sì mọ bí òun yóò ti rí.

Nítorí náà, ẹ máa polówó lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ olùrà sí i, nọ́ḿbà rẹ̀, ìlú rẹ̀, ohun tí ó rà, àti ibi tí ó ti gbọ́ nípa yín. Ilé ni kí ẹ fi ìwé náà sí, kì í ṣe ìsọ̀. Ẹni tí ó tẹ àmì pé òun fẹ́ràn àwòrán yín kò tíì ra nǹkan. Àtàǹpàkò kì í sanwó! Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, àjọ NCC gbà kí owó ìpè àti dátà gòkè tó 50 nínú 100. Bí oṣù bá parí, ẹ fi owó dátà wé èrè tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó rí yín lórí fóònù. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè bẹ ọmọ ilé-ìwé kan kí ó máa bá a kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́.