Kí Ìyá Yín Tó Gorí Bẹ́ẹ̀dì Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni, ṣùgbọ́n bí a bá ń tijú rẹ̀, ara wa la ó máa fi jìyà.

Bí ilé ọmọ bá wálẹ̀, tàbí tí àpò ìtọ̀ bá rọ̀ wá sí ojú ara, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń gbé e padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tí kì í tọ̀ sára tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: bó wúkọ́, bó rẹ́rìn-ín, bó gbẹ́rù. Ẹ má tètè bú dókítà. Ohun tó wálẹ̀ yẹn ló ti ká ọ̀nà ìtọ̀ kò bí ẹni ká rọ́bà omi. Bí wọ́n ti gbé e sókè, ọ̀nà náà nà, àìlera tó ti wà níbẹ̀ wá hàn.

Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kan fi ń fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró nínú iṣẹ́ abẹ kan náà. Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára obìnrin 337 tí kì í tọ̀ sára, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2012. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí 49 nínú 100 àwọn tí wọn ò fi ọ̀já sí lára ló ń tọ̀ sára tàbí tó ń gbàtọ́jú rẹ̀. Nínú àwọn ọlọ́já, bí 24. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ẹ gbọ́ ìyókù. Abẹ́rẹ́ ọ̀já gún àpò ìtọ̀ àwọn bí 7 nínú 100, àwọn mìíràn sì wà tí ìtọ̀ ò tán nínú wọn mọ́ bí wọ́n bá tọ̀.

Ẹ tún wò ó: ó lé ní ìdajì àwọn tí kò gba ọ̀já tí wọn kò nílò rẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ ní kí dókítà ti ohun tó wálẹ̀ padà sókè nígbà tí ìtọ̀ kún inú ìyá yín, kí ìyá yín sì wúkọ́. Bí ìtọ̀ bá já, ọ̀já bọ́gbọ́n mu. Bí kò bá já, èmi ì bá dúró ná, torí wọ́n lè fi ọ̀já sí i tó bá yá. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san owó iṣẹ́ abẹ kejì, tàbí tí ilé ìwòsàn jìnnà sí, lè rò ó sí ibòmíràn, n kò sì ní bá a jà. Ẹ jẹ́ kí ìyá yín fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó fẹ́.