Ibo Ni Àgbàrá Ń Gbé Ilẹ̀ Oko Lọ?

Bí òjò ńlá bá rọ̀, tí omi pupa ń ya wọ odò, àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ oko òun ló ń lọ yẹn. Ibi tó ń lọ gan-an ni Stanley Trimble, onímọ̀ ilẹ̀ àti odò tó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Los Angeles, fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa rẹ̀.

Coon Creek ló ti ṣiṣẹ́ náà. Odò kékeré ni, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ó sì ń ṣàn wọ odò ńlá Mississippi. Olókè ni agbègbè náà. Láti nǹkan bí ọdún 1850 ni àwọn àgbẹ̀ tó ti Yúróòpù wá ti ń túlẹ̀ ibẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, tí màlúù wọn ń jẹ koríko ẹ̀gbẹ́ òkè débi tí ilẹ̀ fi dá páropáro. Poro oko di ojú ọ̀nà fún omi. Nígbà tó fi máa di ọdún 1930, kòtò àgbàrá ti ya oko, ẹrẹ̀ sì ti bo akùrọ̀.

Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó. Onílé ni ò ní gbà fún un. Ní 1933, ìjọba àti àwọn àgbẹ̀ pawọ́ pọ̀, wọ́n fi Coon Creek ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà fún títọ́jú ilẹ̀ gbogbo àyíká odò kan. Wọ́n kọ poro dábùú òkè. Wọ́n gbin àgbàdo sí abala kan, wọ́n fi koríko sí èkejì, kí koríko lè dá omi dúró. Wọ́n sì lé màlúù kúrò nínú igbó ẹ̀gbẹ́ òkè.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ìwọ̀n ló lè sọ. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, àwọn awọnlẹ̀ ti na ìlà kọjá àfonífojì odò náà, wọ́n sì kọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó sílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1973, Trimble padà sórí àwọn ìlà yẹn, ó tún wọ̀n wọ́n. Tí èèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ akùrọ̀ ibẹ̀ wọlẹ̀, ẹrẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀, tó tò léra ní ìpele ìpele, ni yóò kọ́kọ́ rí. Lábẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ dúdú tí àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ bá níbẹ̀ wà. Bí ẹrẹ̀ tó wà lókè yẹn bá ṣe nípọn tó ló ń fi hàn bí ilẹ̀ oko tó dúró síbẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ní 1981, Trimble gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó wọ́ kúrò lóko kò dé Mississippi rárá: ẹsẹ̀ òkè àti akùrọ̀ ló dúró sí. Ẹrẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu odò kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ì báà jẹ́ nígbà tí oko ń bàjẹ́, ì báà jẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe. Ẹni tó bá wọn ẹnu odò nìkan kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ní 1999, ó fi hàn pé bí ẹrẹ̀ ṣe ń kó jọ lórí akùrọ̀ ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 6 nínú ìdá 100 bó ṣe rí láyé ọdún 1930. Àmọ́ ẹrẹ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí odò bá ti ń jẹ bèbè rẹ̀, ó ń gbé díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ìwọ̀n náà fi gbọ́dọ̀ kan oko àti bèbè odò pọ̀.