Ogun Wo Ló Lé Wọn Dé?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń ka ìròyìn òkè òkun lórí rédíò ní Ìbàdàn. Ó ní àwọn agbébọn tí a kò mọ̀ tún ti ya wọ àdúgbò kan ní Port-au-Prince, olú ìlú Hàítì, wọ́n sì ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ogunléndé. Ohùn rẹ̀ já geere, kò sí ibi tí ó ti kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì tí ó kó sínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn kò bára wọn mu rárá: agbébọn tí a kò mọ̀, àti ogunléndé.

"Tí a kò mọ̀" ló kọ́kọ́ ń dun etí. Ta ni kò mọ̀ wọ́n? Jimmy Chérizier, tí gbogbo ayé ń pè ní Barbecue, ọlọ́pàá ni kó tó di ọ̀gá wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 ló kó ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án jọ tí wọ́n ń jẹ́ G9. Ó máa ń pe àwọn oníròyìn jọ, á sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń du ipò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì fi òfin de owó àti ìrìnàjò rẹ̀. Nígbà tí G9 àti G-Pèp tí wọ́n jọ ń para wọn tẹ́lẹ̀ parí ìjà, wọ́n sọ ẹgbẹ́ tuntun náà ní Viv Ansanm, èyí tí í ṣe ìjọgbépọ̀ ní èdè Kírìólì ilẹ̀ wọn. Àwọn tí ń sun ilé onílé ló fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ ara wọn! Orúkọ wọn hàn, ojú wọn hàn, àdúgbò tí oníkálukú wọn ń jẹ gàba lé lórí kò sì fara sin fún ọmọdé.

Ẹnu àwọn ọlọ́pàá ni àwọn oníròyìn wa ti gbọ́ "agbébọn tí a kò mọ̀". Bí wọn kò bá tíì mú ẹnì kankan, ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn, ó sì wúlò níbi tí ó bá ti jẹ́ òótọ́. Bí a bá gbé e dé Hàítì, irọ́ ni.

Agbébọn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọdẹ ń gbé ìbọn. Ọlọ́pàá ń gbé ìbọn. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni náà ni ọ̀rọ̀ yìí sọ, kò sọ ohun tí ó fi ọwọ́ ṣe. Àwọn baba wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sọ irú àwọn wọ̀nyí lórúkọ. Gbọ́mọgbọ́mọ ni ẹni tí ń gbé ọmọ ọlọ́mọ sá lọ. Dánàdánà ni ẹni tí ń dá èrò lọ́nà. Adigunjalè ni ẹni tí ó di ogun kí ó tó lọ jalè, a ò sì gbọdọ̀ fojú fo ogun tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ yẹn. Orúkọ burúkú tó bá iṣẹ́ burúkú mu ni gbogbo wọn. Ní Hàítì, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ti dí ọ̀nà Martissant, èyí tí ó so olú ìlú pọ̀ mọ́ gbogbo ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ fún irú wọn, ó sì ṣe rẹ́gí: dánàdánà.

Ogunléndé, ní tirẹ̀, tọ̀nà. Ó ju kí ó tọ̀nà lọ. Bí a bá tú u, ogun lé mi dé ni. Ẹni tí ogun lé gan-an ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bi àjèjì ní ẹnu ibodè pé kí ló gbé e wá, tí ìdáhùn rẹ̀ sì wá di orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀, àwọn tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu wọn ní Hàítì ti lé ní mílíọ̀nù kan, nínú orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìlá lọ. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn. Nígbà náà, bí ogun bá lé wọn dé, kí ló dé tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò fẹ́ pe ẹni tí ó lé wọn ní ogun?

Ìdí rẹ̀ ni pé ogun ti yí padà lẹ́nu wa. Bí ọ̀dọ́ òde òní bá gbọ́ ogun, ìjọba méjì tí wọ́n kọjú ìjà síra wọn ló ń rò, pẹ̀lú sójà, aṣọ iṣẹ́ àti àsíá. Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àwọn tí ń bọ̀ lọ́nà gan-an ni ogun. Ogun dé, ogun fọ́ ìlú, ogun kó wọn lọ, ogun mú un: nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, ènìyàn ni ogun, ó ní ẹsẹ̀, ó ní ọwọ́ tí ó fi ń kó ẹrù àti ọmọ. Ìbéèrè tí ará ìlú máa ń béèrè kò sì ju ẹyọ kan lọ: ogun ta ni?

Ẹni tí ó gbé ìdáhùn ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún wa ni Samuel Àjàyí Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ọdún 1821 ni ogun kó òun fúnra rẹ̀ ní Òṣogùn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó sọ irú àwọn tí ó wà nínú ogun náà: àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí wọ́n ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Kò sí Aláàfin kan tí ó rán wọn níṣẹ́. Ìjọba Ọ̀yọ́ ló ti ń wó, tí ẹni tí ó bá lè kó ọwọ́ ènìyàn jọ kàn ń kó wọn jọ. Ogun ni Yorùbá ìgbà yẹn pè é, wọn kò sì wá orúkọ mìíràn.

Kí Crowther tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti kọ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹrú tí ń sá, ó fi wọ́n ṣe ogun ara rẹ̀. Jàmáà ni wọ́n ń jẹ́, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí í ṣe ìjọ tàbí àwùjọ. Samuel Johnson sọ nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ bí àwọn Jàmáà ṣe ń kó ìlú àti oko láìwo ojú ẹnì kankan, tí Afọ̀njá kò sì tètè ká wọn lọ́wọ́ kò. Nígbà tí ó fẹ́ ká a, ọwọ́ rẹ̀ kò tó wọn mọ́. Àwọn gan-an ló pa á. Lónìí, olórin fújì á dìde lórí pèpéle, á kí "jàmáà mi", gbogbo agbo á sì hó yèè. Ọ̀rọ̀ tí ó ti kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà kan rí ti padà di ìkíni láàárín ọ̀rẹ́.

Ìtàn Hàítì jọ ti Afọ̀njá yìí débi pé ó ń bani lẹ́rù. Àwọn olóṣèlú àti àwọn ọlọ́rọ̀ ló ń fún àwọn ọmọ àdúgbò ní owó àti ìbọn, kí wọ́n lè bá wọn kó ìbò, kí wọ́n sì ṣọ́ ọjà wọn. Nígbà tí owó ìjínigbé àti owó ojú ọ̀nà wá ń wọlé, wọn kò nílò olówó wọn mọ́. Àwọn apànìyàn kan pa Ààrẹ Jovenel Moïse nínú ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2021. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, sáà àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́wàá tí ó kù parí, kò sì sí ẹnì kan tí ará ìlú dìbò yàn mọ́ nínú ìjọba. Ìparí oṣù Kejì ọdún 2024 ni àwọn ẹgbẹ́ náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí olórí ìjọba, Ariel Henry, wà ní Kẹ́ńyà níbi tí ó ti lọ tọrọ ọlọ́pàá. Wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́wọ̀n jáde, pápákọ̀ òfurufú tì pa, Henry kò sì lè padà sílé. Kí oṣù Kẹrin tó parí, ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ogun ta ni? Ará Port-au-Prince lè dáhùn.

Oníwàásù kan ní ìdáhùn tirẹ̀. Ó ní Ògún ni àwọn ará Hàítì ń bọ, ìdí nìyẹn tí ogun fi ń jà wọ́n. Àwọn ọmọ ìjọ ṣe àmín. Òótọ́ ni pé Ògún dé Hàítì. Ogou ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, láàárín àwọn òrìṣà tí wọ́n kà mọ́ Nago, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó kọjá òkun kí ilẹ̀ náà tó gba òmìnira ní ọdún 1804. Ṣùgbọ́n Ògún kì í ṣe ogun. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ni ti òrìṣà, ohùn àárín méjèèjì ni ti ìjà, ọmọ Yorùbá tí ó bá ti gbọ́n tó láti pe orúkọ ara rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣi ọ̀kan pè ní èkejì, áńbọ̀sì kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn lé ìṣìpè náà lórí. Onígbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n ń pa wọ̀nyí. Àwọn ìbọn tí wọ́n fi ń pa wọ́n, láti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wọlé, nípa fàyàwọ́, nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó gbéra ní Florida.

Àwọn kan á ní, bí ó bá jẹ́ ogun ni, ṣé kí a máa pè wọ́n ní ọmọ ogun nìyẹn? Rárá. Láti ìgbà tí a ti ní ìjọba ológun ní ọdún 1966, ọmọ ogun ti di ti ìjọba lẹ́nu gbogbo wa, a ò sì lè fi tipátipá gbà á padà. Ọmọ ogun Hàítì wà lọ́tọ̀: Jean-Bertrand Aristide tú wọn ká ní ọdún 1995, wọ́n tún dá wọn sílẹ̀ ní ọdún 2017. Ẹni tí ó bá pe àwọn ènìyàn Barbecue ní ọmọ ogun ti da olè pọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n ní kó wá mú olè. Agbébọn náà ti wọlé jìnnà, ó ti wà nínú ìwé ìròyìn, ó ti wà lẹ́nu ìyá alátà. Ó dáa, kí ó máa bá a lọ, bí wọ́n bá ti lè gé "tí a kò mọ̀" kúrò nídìí rẹ̀.

Èyí tí kò ṣeé gbà ni ohun tí rédíò kan náà sọ ní ìparí ìròyìn yẹn, pé àwọn awakọ̀ ń san owó orí fún àwọn agbébọn kí wọ́n tó kọjá. Owó orí! Nítorí owó orí ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe ja Ogun Àdùbí ní ọdún 1918. Nítorí rẹ̀ náà ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ṣe dìde ní ọdún 1968. Ìjọba ni wọ́n ń san án fún, ẹni tí ó bá sì san án lè bi ìjọba pé ọ̀nà dà, ilé ìwòsàn dà. Awakọ̀ tí wọ́n fi ìbọn dá dúró ní Martissant kò lè bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Owó dánàdánà ló san.